Ẹmọ́ ilé kò nílò wíìlì: ohun ìṣeré tó yẹ ẹran táwọn ọmọ wa ń sìn

Lọ́sẹ̀ yìí, a máa fi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà sílẹ̀ díẹ̀, nítorí ìbéèrè kan tó wá láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan ní agbègbè Ìbarà, l'Abẹ́òkúta níbí. Mo rí i pé ìbéèrè náà kan ọ̀pọ̀ ilé, pàápàá ilé tí ọmọ kéékèèké àti àgbàlagbà ti jọ ń gbé. Ohun tí màmá kọ rèé:

“Nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ní ẹmọ́ ilé kan ṣoṣo, inú páálí ló ń gbé. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní London fi nǹkan ìṣeré ránṣẹ́ sí i: wíìlì tó ń yí, bọ́ọ̀lù rọ́bà tí wọ́n ń ki ẹran bọ̀ kó lè máa yí kiri ilẹ̀, àti aago kékeré. Ẹran náà kò ṣeré rárá, igun kan ló máa ń ká jọ sí. Ṣé ara rẹ̀ kò yá ni, àbí àwa la ò mọ bí wọ́n ṣe ń lo àwọn nǹkan náà? Ẹ gbà wá nímọ̀ràn, torí àwọn ọmọ ti ń sunkún.”

Màmá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bèèrè. Kẹ́ ẹ tó ka ìyókù ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó wíìlì àti bọ́ọ̀lù yẹn kúrò lọ́dọ̀ ẹran náà lónìí. Ẹ má fi dọ̀la. Ìdí rẹ̀ ni màá ṣàlàyé báyìí.

Ẹran wo là ń sọ?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ẹmọ́ inú igbó tí àwọn ọdẹ ń pa là ń sọ o. Ẹmọ́ ilé ni, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní gíní píìgì. Kò ní ìrù, etí rẹ̀ kéré, èyí tó bá sì ti dàgbà máa ń wọ̀n tó nǹkan bíi kílò kan. Bí orúkọ rẹ̀ lédè òyìnbó tilẹ̀ ń pe Guinea, kì í ṣe ilẹ̀ wa níhìn-ín ló ti ṣẹ̀ wá. Gúúsù Amẹ́ríkà ni, lórí àwọn òkè Andes, níbi tí Peru àti Bolivia wà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún làwọn èèyàn ibẹ̀ ti ń sìn ín fún ẹran jíjẹ, kí àwọn òyìnbó tó kó o dé Yúróòpù láàárín ọdún 1500 sí 1600. Lọ́dọ̀ wa náà, àwọn kan ń sìn ín fún ọbẹ̀, àwọn mìíràn ń sìn ín fáwọn ọmọ. Ti àwọn ọmọ là ń sọ lónìí.

Ẹ wo bí àwọn ìbátan rẹ̀ tó wà nínú igbó ṣe ń gbé ayé. Àárín koríko gíga ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń rìn ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, wọ́n sì ní ojú ọ̀nà tóóró tí wọ́n ń gbà láàárín koríko náà. Wọn kì í gun igi. Wọn ò ní ìwo, wọn ò ní èékánná tó lè jà. Àṣá ń gbé wọn, ejò ń gbé wọn mì. Sísá pamọ́ ni gbogbo ohun ìjà tí wọ́n ní. Ẹmọ́ ilé tó wà lọ́dọ̀ wa kò tíì gbàgbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ejò kankan nínú pálọ̀ yín.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ohun ìṣeré tó bá ẹran yìí mu ni ohunkóhun tó bá jẹ́ kó lè jẹ koríko, kó lè sá pamọ́, kó sì lè wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí kò bá ṣe ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, owó ló jẹ, ó sì lè jẹ́ ewu pẹ̀lú.

Kí ló burú nínú wíìlì àti bọ́ọ̀lù?

Eku kékeré kan wà tí àwọn òyìnbó ń pè ní hamster. Òun ni wíìlì wà fún. Eegun ẹ̀yìn ẹmọ́ ilé kò rí bí èyí tó lè tẹ̀ sẹ́yìn kó sì máa sáré nínú ohun tó rí róbótó. Bó bá ń sáré nínú rẹ̀, ẹ̀yìn lè dùn ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè há sí àlàfo àárín àwọn irin náà, kó ṣẹ́. Ti bọ́ọ̀lù tiẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹran tó jẹ́ pé sísá pamọ́ ni ààbò rẹ̀ lẹ dé mọ́ inú ohun tó mọ́lẹ̀ gbòò yẹn, tí kò ríbi sá sí, tí kò sì lè jáde fúnra rẹ̀. Ooru inú rẹ̀ tún ń pọ̀ sí i. Bẹ́ ẹ bá rí i tó ń yí, ẹ má rò pé ó ń ṣeré. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Aago kékeré ńkọ́? Bó bá jẹ́ èyí tó lè gé jẹ tàbí tí eyín rẹ̀ lè há sí, ẹ gbé e kúrò. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé, bí wọ́n bá kọ ọ́ sára páálí ọjà pé “fún àwọn ẹran kékeré”, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ó dáa fún gbogbo ẹran kékeré. Ọmọ yín ní London kò ṣe é láìdáa, ìfẹ́ ló fi rà á. Ẹ sọ fún un tìfẹ́tìfẹ́ pé kó fi owó ọjà tó tún fẹ́ rà ránṣẹ́, kẹ́ ẹ fi ra ẹmọ́ ilé kejì.

Ẹnìkan kì í jẹ́ “àwá dé”

Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹmọ́ ilé kejì. Kò sí ohun ìṣeré tó dà bí i. Àwọn ẹran yìí máa ń bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n máa ń sùn tira, wọ́n sì máa ń lé ara wọn kiri. Èyí tó bá dá wà kì í sábà ṣeré, torí kò sẹ́ni tó ń bá a ṣọ́nà. Ní orílẹ̀-èdè Switzerland, láti ọdún 2008 ni òfin wọn ti sọ pé a kò gbọdọ̀ sin ẹmọ́ ilé ní òun nìkan. Kì í ṣe àṣejù òyìnbó nìyẹn. Ẹ̀dá tí wọ́n dá mọ́ ẹgbẹ́ ni.

Abo méjì ló rọrùn jù. Bó bá jẹ́ akọ méjì, kó jẹ́ àwọn tó ti wà pọ̀ láti kékeré, kí abo má sì sí nítòsí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á jà. Akọ pẹ̀lú abo? Ẹ rò ó dáadáa. Oyún rẹ̀ máa ń tó ọjọ́ 59 sí 72, ọjọ́ tó bá sì bímọ gan-an ló tún lè lóyún mìíràn. Àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń wáyé pẹ̀lú irun lára, ojú wọn á ti là. Bí àwọn akọ inú wọn bá ti pé ọ̀sẹ̀ 3, ẹ ti gbọ́dọ̀ yà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn, torí wọn ò ní í pẹ́ gùn ún. Abo tó bá sì ti kọjá oṣù 7 tí kò tíì bímọ rí, ẹ má jẹ́ kó lóyún mọ́. Eegun ìbàdí rẹ̀ lè ti le débi tí ọmọ kò ní í lè jáde, èyí sì lè pa á.

Ẹ má fi ehoro ṣe ẹnì kejì fún un o. Ehoro lágbára, ìpá rẹ̀ lè ṣẹ́ ẹ léegun, ó sì lè kó àìsàn èémí ràn án.

Ilé ìsápamọ́ àti ilẹ̀ tó tó

Ẹ̀kejì ni ibi ìsápamọ́. Páálí Indomie tó ti ṣófo dára púpọ̀. Ẹ yọ gbogbo píìnì àti sẹ́lótéèpù ara rẹ̀ kúrò, ẹ dojú rẹ̀ dé, kẹ́ ẹ sì gé ẹnu ọ̀nà méjì sí i. Mo ní méjì, mi ò sọ ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà kan ló ní, èyí tó lágbára máa dí i mọ́ èyí tí kò lágbára, ìjà á sì bẹ́ sílẹ̀. Ẹran méjì ń fẹ́ ilé méjì, ó kéré tán. Bí wọ́n bá gé páálí náà jẹ, kò sí wàhálà, òun náà wà lára eré wọn. Bó bá tutù tàbí bó bá ń rùn, ẹ sọ ọ́ nù, kẹ́ ẹ wá òmíràn.

Ohun mìíràn tó dáa ni ìkòkò amọ̀, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń mọ ní Ìtòkò. Bí ẹnu rẹ̀ bá gbòòrò, ẹ dà á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ́ ẹ fi òkúta há a lọ́tùn-ún lósì kó má baà yí. Bó bá jẹ́ àfọ́kù, ẹ rí i pé etí rẹ̀ kò mú. Ẹ fi òkúta ha á títí tó fi máa dán.

Páìpù náà wúlò, àmọ́ ẹ kíyè sí i. Páìpù ínǹṣì 4 tí àwọn púlọ́ńbà ń lò fún ilé ìyàgbẹ́ ti fún jù fún ẹran tó ti dàgbà, ó lè há síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tó ínǹṣì 6.

Ti ilẹ̀ ibi tí wọ́n ń gbé náà ṣe pàtàkì. Ẹran méjì kò gbọdọ̀ ní ilẹ̀ tó kéré sí ẹsẹ̀ bàtà 3 níbùú àti 3 lóòró, bó bá sì jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tún dáa sí i. Ẹ má kó wọn sórí wáyà bíi ti àgò ehoro, torí á dá egbò sí wọn lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sílẹ̀ fún wọn. Ohun tó kù láti ibi iṣẹ́ pákó kò dáa bó bá ní eruku, nítorí èémí wọn.

Koríko ni eré tó ju gbogbo eré lọ

Eyín ẹmọ́ ilé ń hù títí ọjọ́ tó máa kú, bí èékánná wa ṣe ń hù. Koríko tó ń rún lóòjọ́ ló ń bá a bu eyín náà kù. Bí kò bá rí koríko jẹ tó, eyín á gùn kọjá ààlà, kò ní í lè pa ẹnu dé mọ́, ebi ló sì máa pa á kú bẹ́ẹ̀. Nítorí náà koríko gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Eéran dáa, èèsún dáa, yúnyún dáa, ewé ọ̀dùnkún náà dáa. Ẹ má já a létí títì tí mọ́tò ń gbà, ẹ má sì já a nínú oko tí wọ́n ti fín oògùn apakòkòrò tàbí oògùn apako sí.

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ di eré rèé. Ẹ má kó oúnjẹ rẹ̀ sójú kan. Ẹ fọ́n díẹ̀ sí igun yìí, díẹ̀ sí igun tọ̀hún, kó lè máa wá a kiri. Ẹ fi koríko sínú háhá àgbàdo, kẹ́ ẹ ká a pọ̀, kó lè máa tú u. Ẹ mú rọ́bótó inú tíṣù tí wọ́n ń lò nílé ìyàgbẹ́, ẹ fi sísọ́ọ̀sì là á láti òkè délẹ̀, kórí ẹran má baà há sí i, kẹ́ ẹ wá fi koríko kún inú rẹ̀. Ẹ fi koríko tútù dí ìdì kékeré, kẹ́ ẹ fi há etí àgò, níbi tó máa ti na ọrùn díẹ̀ kó tó já a. Ẹ̀ka igi gúrófà tí wọn ò fín oògùn sí tún dáa fún gígé jẹ. Gbogbo èyí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, àwọn ọmọ ló sì máa ṣe é. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ló máa di eré ẹran.

Màmá, ohun kan tún wà tí ẹ ní láti yẹ̀ wò. Ní ọdún 1907, àwọn onímọ̀ méjì ní Norway, Axel Holst àti Theodor Frølich, fi ẹmọ́ ilé ṣe ìwádìí, wọ́n sì rí i pé, bí kò bá rí oúnjẹ tútù jẹ, irú àìsàn tó ń ṣe àwọn atukọ̀ ojú omi ayé àtijọ́ náà máa ń ṣe é. Ohun tó fà á ni pé ara ẹmọ́ ilé kò lè dá fítámì C ṣe, bí ara àwa èèyàn náà kò ṣe lè dá a ṣe. Inú oúnjẹ la ti gbọ́dọ̀ rí i, àwa àti òun. Bí kò bá rí i, oríkèé ara rẹ̀ á wú, á máa dùn ún, ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde lẹ́nu rẹ̀, kò sì ní í fẹ́ rìn. Nítorí náà, ẹmọ́ ilé tó bá ká jọ sí igun lè jẹ́ pé ó ń bẹ̀rù wíìlì, ó sì lè jẹ́ pé ara ló ń dùn ún. Kò sí ohun ìṣeré kankan tó máa wo èyí sàn. Ẹ fún un ní ègé kékeré tàtàṣé, gúrófà tàbí ewé tútù lójoojúmọ́. Ọsàn náà dáa, àmọ́ díẹ̀ ni, nítorí ṣúgà inú rẹ̀. Ẹ má da oògùn fítámì C sínú omi mímu rẹ̀. Agbára rẹ̀ á tètè lọ, bí adùn omi náà bá sì yí padà, ẹran náà lè má mu ún mọ́.

Ìbéèrè mẹ́rin kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun fún un

Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ bí a ṣe ń yẹ nǹkan wò kí á tó fi lé ọmọ ọwọ́ lọ́wọ́. Ohun tí ọmọ ọwọ́ bá mú, ẹnu ló ń gbé e lọ. Ẹmọ́ ilé náà nìyẹn, ó kàn jẹ́ pé tirẹ̀ ní eyín tó mú. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin yìí:

Èkíní, bó bá jẹ ẹ́, ṣé kò ní í pa á lára?

Èkejì, ṣé orí, ẹsẹ̀ tàbí eyín rẹ̀ lè há sí i?

Ẹ̀kẹta, bó bá jẹ́ ohun tó ń wọ̀, ṣé ó lè gba ibòmíràn jáde?

Ẹ̀kẹrin, bó bá dọ̀tí, ṣé mo lè fọ̀ ọ́, àbí kí n sọ ọ́ nù láì dun owó?

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè yìí wo àwọn ohun tó wà nílé wa. Náílọ́ọ̀nù piọ́ wọ́tà: bó bá gbé e mì, á dí ìfun rẹ̀. Kò dáa. Fóòmù àti kànìnkànìn rọ́bà: bákan náà. Ìlẹ̀kẹ̀ àti bọ́tìnì: rárá. Pákó tí wọ́n kun lọ́dà tàbí tí wọ́n fi Solignum sí nítorí ikán: májèlé ni. Àwa ará Abẹ́òkúta, aṣọ àdìrẹ ni tiwa, àjákù aṣọ kì í sì í wọ́n wa. Ṣùgbọ́n òwú tó ń tú létí aṣọ lè lọ́ mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹran náà, kó dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kí ìka náà sì kú dànù. Bẹ́ ẹ bá máa fi aṣọ tẹ́ ilẹ̀ fún un, kó jẹ́ èyí tí wọ́n ti rán etí rẹ̀. Okùn tí àwọn ọmọ ń so mọ́ ọn lọ́rùn tàbí lẹ́sẹ̀ láti máa fi fà á kiri, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé e sọnù.

Ti ewé náà tún wà ńbẹ̀. Ewé pákí, ewé bọ̀tújẹ̀, ewé píà, ewé tòmátò àti àlùbọ́sà, kò gbọdọ̀ fẹnu kan wọn.

Ooru Abẹ́òkúta

Ìlú olókùúta ni ìlú wa, òrùlé páànù ló sì pọ̀ jù. Láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Òkè Andes tí ẹran yìí ti wá tutù. Bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ara bẹ̀rẹ̀ sí í ni ín nìyẹn. Bó bá kọjá 32, ó lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Nítorí náà, ẹ má gbé àgò sí ìta gbangba, ẹ má sì gbé e sábẹ́ páànù tí kò ní sílíìnì. Ibi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, lórí ilẹ̀, ló dáa.

Ìkòkò amọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan tún wúlò níbí. Bẹ́ ẹ bá fi omi rin ìta rẹ̀ lọ́sàn-án, bí omi náà ṣe ń gbẹ ni inú ìkòkò á máa tutù, gẹ́gẹ́ bí àmù omi àwọn ìyá wa ṣe máa ń tutù. Iná NEPA kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Bẹ́ ẹ bá rí i tó na gbalaja, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹ gbé e síbi tó tutù, ẹ fi omi tó tutù díẹ̀ (kì í ṣe omi yìnyín) rin etí àti ẹsẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì wá dókítà ẹranko kíákíá.

Ìlera àwa fúnra wa

Mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, mi ò lè sọ ti ẹran kí n má sọ ti èèyàn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó gbá ẹran náà mú, kó tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà. Ọmọ kò gbọdọ̀ fẹnu kò ó lẹ́nu, kò sì gbọdọ̀ máa jẹun bó ṣe ń bá a ṣeré, nítorí kòkòrò àrùn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru lè wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Bí irun rẹ̀ bá ń já lójú kan tí ara ibẹ̀ sì ń ya, ó lè jẹ́ làpálàpá, èyí sì máa ń ran ọmọ. Ọmọ tó bá ní ikọ́ fée, tí wọ́n ń pè ní ásímà, kó má jókòó tì í bẹ́ ẹ bá ń gbá àgò rẹ̀. Aláboyún, kí ẹlòmíràn bá a fọ àgò náà. Ẹ má gbé àgò sí ilé ìdáná.

Ẹ̀yin àgbà, ẹran yìí lè jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rere. Bó bá ti gbọ́ tí ewé ń dún nínú náílọ́ọ̀nù lọ́wọ́ yín, á súfèé yín dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó máa rìn lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, nítorí ìṣubú kò dáa fún eegun àgbà. Ẹ jókòó sórí àga tó lọ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lé yín lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, bó bá ha yín lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa wò ó lójoojúmọ́ títí tó fi máa jiná.

Àwọn kan á bèèrè pé ṣé kò ní í kó ibà Lassa wọlé? Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá àìsàn náà mọ̀, ní ìlú Lassa, ní apá ibi tó di ìpínlẹ̀ Borno lónìí. Eku tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn jù ni èyí tí orúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Mastomys natalensis, tó máa ń wọ ilé wá oúnjẹ. Kì í ṣe ẹmọ́ ilé. Àmọ́ oúnjẹ ẹmọ́ ilé tó bá fọ́n sílẹ̀ mọ́jú lè pe eku wọlé. Nítorí náà, ẹ gbá àjẹkù ewé àti àgbàdo kúrò kó tó dalẹ́, koríko nìkan ni kó kù.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, ẹ má fún un ní Ampiclox tàbí amoxicillin tẹ́ ẹ ní nílé. Oògùn tó ń wo ọmọ yín sàn yẹn lè pa ẹmọ́ ilé, nítorí ó máa ń pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun rẹ̀, àwọn búburú á sì gba ibẹ̀. Dókítà ẹranko nìkan ló lè sọ oògùn tó yẹ. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, FUNAAB, yunifásítì ètò ọ̀gbìn tó wà lọ́nà Àlàbàtà, ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko. Ẹ lè bèèrè níbẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn?

Ẹmọ́ ilé tí inú rẹ̀ dùn máa ń dédé fò sókè lójú kan, gẹ́lẹ́ bíi gúgúrú tó ń ta nínú ìkòkò. Ó máa ń jẹun, ó máa ń súfèé, ó sì máa ń jáde láti inú ilé rẹ̀ wá wò yín. Èyí tí inú rẹ̀ kò dùn máa ń ká jọ, irun rẹ̀ á dúró ṣánṣán. Ẹ máa fi òṣùwọ̀n ìdáná wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ọmọ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bó bá ń fọn, nǹkan ń ṣe é, bẹ́ ò tilẹ̀ rí i lójú. Bí kò bá sì jẹun fún odindi ọjọ́ kan, ẹ má dúró wò ó mọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Bẹ́ ẹ bá gbé ohun tuntun síwájú rẹ̀, ẹ fún un ní ọjọ́ 2 tàbí 3. Á kọ́kọ́ sá fún un, á rùn ún lókèèrè, kó tó wọ̀ ọ́. Kí ọmọ má fi ipá tì í sínú rẹ̀, kó má sì fà á yọ nínú ilé ìsápamọ́ rẹ̀. Kó jókòó sílẹ̀, kó na ewé sí i, kó sì dákẹ́. Ọmọ tó bá kọ́ bí a ṣe ń ní sùúrù fún ẹran tó ń bẹ̀rù ti kọ́ ohun tó máa bá a dàgbà.

Ẹ̀yin òbí tó ń múra àtirà á fọ́mọ, ẹ rántí pé ẹmọ́ ilé tó bá rí ìtọ́jú lè lo ọdún 5 sí 8. Ọmọ ọdún 10 tẹ́ ẹ rà á fún lónìí lè ti lọ sílé ìwé tí wọ́n ń gbé kí ẹran náà tó gbó. Ta ló máa já koríko fún un nígbà náà? Ẹ ti dáhùn ìyẹn nínú ilé kẹ́ ẹ tó dé ọjà. Bẹ́ ẹ bá sì ti dáhùn rẹ̀, ẹ ra méjì, ẹ wá páálí, ẹ já koríko.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa padà sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ìdí tí kò fi yẹ ká dá oògùn rẹ̀ dúró nítorí pé ara ti fúyẹ́. Ẹ ṣètọ́jú ara yín o.